Bí A Ṣe Pín Pẹ́dàlì Gìtá Bàbá

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, mi ò sì lá a lálàá. Ọjọ́ tí wọ́n pín in, mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí èéfín rú, ìdí èéfín gan-an ni mo dúró sí. Ọjọ́ tí gìtá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, mo rí i bí mo ṣe ń rí ìwé yìí níwájú mi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Adó bá sọ fún yín pé ìlara lásán ló ń dà mí láàmú, ẹ bi í pé níbo ló jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Wẹ́dà ni mí. Òkè-Ìlá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò, mi ò sì dé kíláàsì ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kò sí géètì tó ṣe é wò láti ṣọ́ọ̀bù mi títí dé àdúgbò Adébáyọ̀ tí ọwọ́ mi kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó kàwé ló ń gbé inú ilé. Èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì sùn.

Ohun kejì tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni gìtá. Kì í ṣe gìtá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Orin líle ni tiwa, rọ́ọ̀kì, èyí tí a máa ń dẹ okùn gìtá sílẹ̀ fún títí ohùn rẹ̀ á fi máa ti abẹ́ ilẹ̀ jáde bí ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta. Àwọn èèyàn á ní ta ló ń gbọ́ irú rẹ̀ ní Èkìtì. Àwa ni. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta, kí ló fẹ́ fi orin jẹ́lẹ́ńkẹ́ ṣe?

Bàbá ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ọmọ ìjọ tó ní àga tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì sí ẹni tó lè jókòó sí i. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, á bọ́ agbádá, á dé fìlà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, á gbé gìtá pupa kan kọ́rùn, àwọn ará ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Òun ló wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ló ń lu dírọ́ọ̀mù. Obìnrin tíṣà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí ló ń ta gìtá béèsì, òun náà ló sì ń kọrin. Ẹ má bi mí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ó lè bá ewúrẹ́ wí láti Òkè-Ìlá kí ti ìlú Ìyìn dáwọ́ dúró.

Ẹni tí kò bá mọ orin wa kò ní mọ ohun tí pẹ́dàlì jẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kàn máa lọ. Àpótí irin kékeré ni, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Inú rẹ̀ ni ohùn gìtá ń gbà kọjá kó tó dé sípíkà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á yí padà. Bí o bá tún tẹ̀ ẹ́, á padà sí bó ṣe wà. Oríṣiríṣi ló wà, kálukú sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ń mú kí gìtá bú bíi kìnnìún, abúramúramù ni àwa ń pè é. Èyí tó ń dá ohùn padà léraléra, gbohùngbohùn. Èyí tó ń ké bí ọmọ tó fẹ́ mu ọmú, wáwà. Ọ̀kan sì wà tí a ń pè ní aṣọ́bodè, nítorí bí o bá ti dákẹ́ ló máa ń ti ilẹ̀kùn kí ariwo má baà wọlé. Àtòpọ̀ wọn ni iṣẹ́. Ẹ lè kó wọn jọ bí ẹni kó ẹja, bí ẹ kò bá mọ èyí tó ń ṣíwájú èyí, ariwo rúdurùdu lẹ ó máa gbọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn Bàbá. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọjọ́ kan bá dé tí ó bá gbé gìtá sílẹ̀, èmi ni màá bọ́ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ pé oòrùn á yọ.

Ìgbà náà ni ọmọkùnrin yẹn dé.

Mo ń pè é ní ọmọkùnrin, ó ti níyàwó o. Ó ń tún fóònù ṣe ní Adébáyọ̀, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ilé adìẹ lọ. Ìbàdàn ló dàgbà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Adó ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí yunifásítì, ó sì padà wá ń tú ẹ̀yìn fóònù. Iná tó fi ń jó nǹkan kò lè sun àgbàdo. Èmi tí iná mi ń gé irin tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, òun ni wọ́n mú wá bá mi pé ká jọ máa ta gìtá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń gbúròó yín." Mo ní o ṣe dáadáa. Inú mi dùn sí i títí ó fi ki wáyà bọ gìtá.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó mọ̀ ọ́n ta. Ìka rẹ̀ gùn, ó sì mọ́ tónítóní bí ìka ẹni tí kì í fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í làágùn. Èmi á ta orin kan, ẹ̀wù mi á rin gbingbin. Òun á ta tirẹ̀, á sì máa wo fèrèsé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá wa ta orin, Bàbá di ojú, ó ń mi orí. Láti ìgbà tí mo ti ń bá a bọ̀, kò di ojú fún mi rí. Mo délé, ìyàwó mi gbé usu gígún síwájú mi, mo ní mi ò jẹ. Ó ní ta ló bí mi nínú. Mo ní oòrùn ni.

Nígbà tó yá, oríkèé ìka Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń ta á, ó ń yẹ̀, títí ó fi sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé ó tó. Ó ní kí àwa onígìtá méjèèjì wá bá òun ní ilé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rẹ́ mi onídírọ́ọ̀mù àti Àǹtí tẹ̀ lé wa lọ, pé àwọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Bàbá da àpò kan sórí ẹní ní pálọ̀. Gbogbo pẹ́dàlì tó ti ń kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ti òkè òkun bọ̀, èyí tó gbà dípò iṣẹ́, èyí tí kódà òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ó ní kí a pín in. Ọ̀rẹ́ mi bi í pé báwo ni kí wọ́n ṣe pín in. Bàbá wò ó bí ẹni tó béèrè ìbéèrè òmùgọ̀.

Ó ní, "Ẹ pín in bí a ṣe ń pín nǹkan nínú ulé. Àbúrò á pín, ẹ̀gbọ́n á mú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé ẹran kalẹ̀ fún àwọn ọmọ, èyí tó kéré jù ni wọ́n máa ń ní kó pín in, àgbà ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pín kò mọ èyí tí yóò ṣẹ́kù fún òun, nítorí náà kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń pín kò bá mọ ojú ẹni tó fẹ́ mú. Ọmọkùnrin yìí mọ ojú mi.

Ó jókòó sórí ẹní, ó ń pín in. Ó pẹ́ níbẹ̀. Á gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, á wò ó, á tún gbé e padà sósì. Nígbà tó parí, ó dìde, ó sì sọ ohun tó wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ìpín ọ̀tún jẹ́ pẹ́dàlì mẹ́fà: abúramúramù ńlá méjì, wáwà kan tó gùn bí bàtà, gbohùngbohùn kan, aṣọ́bodè kan, àti ọ̀kan tó ń mú ohùn mì bí omi. Àwọ̀ wọn ń dán, pupa, ìyeyè, búlúù. Ìpín òsì jẹ́ pẹ́dàlì mẹ́ta: èyí tí wọ́n fi ń tún okùn tò kí ohùn rẹ̀ lè gún, abúramúramù kékeré kan aláwọ̀ ewé, abúramúramù ńlá kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó tán bí ẹ̀yìn ìkòkò, pẹ̀lú àpótí dúdú kan tí kò ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀, ihò wẹẹrẹ ló kàn wà lára rẹ̀.

Mo ní kí ni dúdú yìí ń ṣe. Ó ní, "Òun ló ń fún àwọn tó kù níná, Ẹ̀gbọ́n. Kálukú wọn ló ń bu tirẹ̀ fún lọ́tọ̀, kí wọ́n má baà jà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò fi pẹ́dàlì mẹ́fà sílẹ̀, tí yóò gbé mẹ́ta àti àpótí tí kò ní ohùn? Mo ní ṣájà rédíò ní ilé, mo sì ní wáyà tó lè yí Adó po. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kàn máa ka ìwé lọ, ẹ má dá mi lóhùn. Mo kó ìpín ọ̀tún. Àǹtí ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn wọn." Mo ní ojú là ń wò kí a tó mọ̀ pé iṣu ta. Ọmọkùnrin náà kó èyí tó kù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Ìdúpẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ kó mi láyà sókè. Ẹni tí wọ́n fi ìpín kékeré sílẹ̀ fún, kí ló ń dúpẹ́ fún?

Bàbá wá sọ èyí tó gbé wa débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú Ìgèdè ti ní kí a wá ta orin fún àwọn nígbà ọdún, ní ọ̀sán, ní pápá ilé ìwé kan. Bàbá ní òun á wá jókòó gbọ́ wa. Ó ní ẹni tí ohùn rẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò máa dúró níwájú láti ọjọ́ náà, gìtá pupa náà á sì di tirẹ̀. Ó wo èmi, ó tún wo ọmọkùnrin náà. Wò ó o. Ohun tí kò sí ẹni tó ń sọ, bí oòrùn, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí a ń dán wò.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo jó pátákó kan fún pẹ́dàlì mi, irin gidi, tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó dagun sókè kí ẹsẹ̀ lè dé ọwọ́ ẹ̀yìn. Mo kùn ún ní dúdú. Ẹni méjì ló ń gbé e. Ọmọkùnrin yẹn, pákó tí wọ́n yọ lára kọ́bọ́ọ̀dù ló tò tirẹ̀ lé lórí. Apá kan ló fi ń gbé e wọlé. Nígbà tí wọ́n rí tèmi ní Òkè-Ìlá, àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà. Wẹ́dà kan láti òpin àdúgbò wá wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀, mo sì jẹ́ kó wọ̀n ọ́n.

Ohùn ni kò gbọ́ràn. Mo kọ́kọ́ fi gbohùngbohùn ṣáájú abúramúramù, nítorí mo rò pé kí ohùn pọ̀ ná kó tó bú. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá ń ṣépè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí i padà, mo tún un yí. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà lọ dáhùn fóònù níta, mo dìde, mo lọ wo pákó rẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń tún okùn tò ló wà níwájú. Aláwọ̀ ewé kékeré tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa agbára rẹ̀ tán, ohùn rẹ̀ ló ṣí sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abúramúramù tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó wá, lẹ́yìn náà ni aṣọ́bodè kan tó ti rà fún ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí gbohùngbohùn tirẹ̀ sì wà ní ìkẹyìn pátápátá. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Orí mi ni mo fi gbé e lọ ilé. Ẹni tó ní ọgbọ́n kì í béèrè ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ṣíwájú.

Mo tò tèmi bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú abúramúramù mi ni mo fi rọ́pò aláwọ̀ ewé, mo pa agbára rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó ṣe ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́: ohùn náà dé. Ó fún, ó le, ó ń gbá àyà bí ẹni tó ń ti ọkọ̀. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Bí mo bá dákẹ́, pátákó mi kì í dákẹ́. Bí a bá tan jẹnẹrétọ̀, á máa kùn húùù, húùù, aṣọ́bodè ò sì lè mú un tán. Nígbà tí a pàdé lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi gbé igi dírọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó tẹ́tí.

Ó ní, "Ṣé oyin lo kó wá ni? Sọ fún wa ká bọ́ sí ìta."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di odi mú. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra bi mí bóyá ṣájà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò, ó ní wọ́n ń fa iná mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Mo ní ṣájà mi dára. Ó tẹ tirẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú sípíkà rẹ̀ kó tó ta okùn àkọ́kọ́, mo ń gbọ́ ọ títí mo fi sùn. Kì í ṣe orin rẹ̀ ni mo ń jowú o, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ẹní. Ẹ sọ fún mi pé kò mọ̀ pé mẹ́fà ni màá mú.

Mo wá irú àpótí dúdú yẹn kiri Adébáyọ̀. Oníṣájà kan gbé ti tẹlifíṣọ̀n jáde, òmíràn gbé ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ náà ni iná." Mo kúrò níbẹ̀. Mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni ọgbọ́n wọ inú mi. Jẹnẹrétọ̀ ló ń kùn. Kí ni kì í kùn? Bátìrì. Bátìrì kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bátìrì ọ̀kadà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ara alùpùpù mi àtijọ́ ni. Màá fi í sábẹ́ pátákó, màá fa wáyà sí pẹ́dàlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohùn mi á sì mọ́ ju ti ẹni tó gbára lé àpótí lọ. Títí di òní, mo ṣì sọ pé èrò náà dára. Èmi nìkan ni mo rò ó, kò sí ìwé tí mo ti kà á.

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ìwọ̀n iná, mẹ́sàn-án, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí iná ń gbà wọ pẹ́dàlì, bátìrì sì jẹ́ méjìlá. Mo rí i. Mo ní kí ni mẹ́ta láàárín èmi àti irin? Mo gé ẹnu ṣájà àtijọ́ mẹ́fà, mo so wọ́n pọ̀, mo sì fi wáyà pupa sí àárín, dúdú sí ìta, bí gbogbo rédíò tí mo ti tú rí ṣe rí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó. Bí mo bá dán an wò lójú wọn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọkùnrin yẹn á ti ṣe tirẹ̀. Ara ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì gan-an ni mo ti yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, a sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ìgèdè kún. Àwọn ọ̀dọ́ ti dé pápá, àwọn ìyá wọn wà lẹ́yìn lábẹ́ igi, wọ́n fẹ́ wo ohun tí àwọn ọmọ wọn pè wá wá ṣe. Wọ́n gbé àga fún Bàbá níwájú. Ó dé fìlà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn bí ti àtijọ́, ó gbé gìtá pupa náà lé itan. Èèyàn méjì ló bá mi gbé pátákó mi gun pèpéle, gbogbo pápá sì pàtẹ́wọ́ fún pátákó nìkan. Mo tẹ́ ẹ, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so bátìrì.

Ọmọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rí wáyà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì so ó. Ti pẹ́dàlì kò rí bíi ti rédíò. Dúdú ló ń lọ sí àárín rẹ̀, pupa wà ní ìta. Bátìrì yẹn sì lágbára jù."

Mo wo ojú rẹ̀. Kí ẹ sọ òótọ́ fún mi: bí ẹni tí ẹ jọ ń du nǹkan bá sọ fún yín pé kí ẹ dúró díẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fa nǹkan náà léèyàn lọ́wọ́, tí ẹni tó fẹ́ fà á sì jókòó síwájú yín, ṣé ẹ ó dúró? Mo rò pé ó ti rí ọgbọ́n mi, ẹ̀rù ti bà á. Mo ní, "Àbúrò, lọ sí ẹ̀yìn." Mo so ó.

Kò bú gbàmù. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé ó bú gbàmù lóhùn, wọn kò sí níbẹ̀. Ó kàn ta ṣáṣá lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ kékeré yọ lára pẹ́dàlì ìyeyè, ó kú. Lẹ́yìn náà ni èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó kọ́kọ́ jáde lára abúramúramù, ó bọ́ sí wáwà, ó ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tó ń kí ilé dé ilé. Òórùn rẹ̀ dà bí ti irun tó jó. Mo fi ọwọ́ fa wáyà, ó ti gbóná, ó sì bó mi láwọ̀ ní àtàńpàkò. Sípíkà mi dákẹ́ rọ́rọ́. Èyí ni ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń wá.

Pápá ò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde díẹ̀ lórí àga. Gbogbo pẹ́dàlì yẹn, òun ló mọ ọjọ́ tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n, ó tún jókòó.

Ó ní, "Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kó má baà ran aṣọ ẹnikẹ́ni."

Ọmọkùnrin náà ló bá mi gbé e, òun àti ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ sórí koríko, ó na ọwọ́ sórí pèpéle, ó yọ wáyà gìtá rẹ̀ kúrò nínú pákó tirẹ̀, ó sì ti pákó náà sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ki tiyín bọ̀ ọ́. Ẹ dúró níwájú, ẹ máa lo tèmi. Èmi á ta láìsí pẹ́dàlì lẹ́yìn, wọn ò ní mọ̀."

Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Àǹtí gbọ́. Ó ń wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n gbà á. Pákó kékeré náà wà nílẹ̀ lórí pèpéle, aláwọ̀ ewé, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, àti àpótí dúdú yẹn ní igun.

Mo ní, "Ṣé kí n wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí mo ti fi sílẹ̀ fún ọ?"

Ó ki wáyà rẹ̀ padà sínú pákó. Mo gbé gìtá mi, mo lọ dúró lábẹ́ igi láàárín àwọn ìyá. Wọ́n ta orin. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú bàtà mi. Bí ó bá dákẹ́, á dákẹ́ pátápátá débi pé a ń gbọ́ ẹyẹ lórí igi, á tún já lu ilẹ̀. Ó ń làágùn lọ́jọ́ náà. Mo rí i láti ibẹ̀ yẹn, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí okùn. Bàbá ti di ojú.

Kí wọ́n tó kúrò ní pápá, Bàbá pè é. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé gìtá pupa náà kúrò lórí itan, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, ó tún okùn náà ṣe ní èjìká rẹ̀ bí ìyá ṣe ń tún ẹ̀wù ọmọ ṣe. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó sì wò yíká. Èmi ló ń wá. Mo bọ́ sẹ́yìn igi.

Ọ̀rẹ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọdún, ó ní àyè mi ṣì wà lẹ́yìn, bí ó ṣe wà láti ìgbà Bàbá. Àǹtí náà fi iṣẹ́ rán sí mi. Mo ní mo ti wà lẹ́yìn tó. Bí mo bá ń gba Adébáyọ̀ kọjá, òdìkejì títì ni mo ń gbà. Lọ́jọ́ Sátidé, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń ta orin, mo máa ń tan ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ irin, kódà bí kò bá sí irin tí mo fẹ́ lọ̀. Bàbá kò bi mí nípa pẹ́dàlì rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin náà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun lè tú wọn wò, bóyá òun á rí èyí tó ṣe é tún ṣe. Mo ní mo ti kó wọn dànù. Irọ́ ni, wọ́n wà lábẹ́ tábìlì. Mo tú wọn fúnra mi, mo wo inú wọn, mi ò mọ ohun tí mo ń wò.

Ohun tó lọ nìyí. Abúramúramù méjì. Wáwà kan. Gbohùngbohùn kan. Aṣọ́bodè kan. Èyí tó ń mú ohùn mì bí omi, ọ̀kan. Gìtá pupa kan. Àyè iwájú kan. Àyè ẹ̀yìn kan.